Ẹ Jẹ́ Kí N Gbọ́ Tẹnu Aya Kí Ọkọ Tó Wọlé

Iyàrá Ìmọ̀ràn Aláboyún,
Ilé Ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Ilé Ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

IKÚ ỌMỌLÁŃGIDI ÌKỌ́NI, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ÌLÀNÀ KẸRIN

1. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ àti tẹ̀dùntẹ̀dùn ni mo fi ń kéde pé ọmọláńgidi oníke tí a fi ń ṣàlàyé bí ọmọ ṣe ń sùn nínú ìyá rẹ̀ jáde láyé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ara rẹ̀ wà lórí tábìlì mi. Orí rẹ̀ la ṣì ń wá.

2. Ẹnu ìyàwó dírẹ́bà kan ló fọ́ sí. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló pa àkọ́bí tọkọtaya náà. Oyún kejì ti wá dé. Mo ṣàlàyé fún wọn pé a lè fa omi díẹ̀ níbi tí ọmọ wà, kí a fi mọ̀ bóyá àrùn náà wà lára òun náà, àti pé àwọn ni yóò sọ bóyá àwọn fẹ́ mọ̀.

3. Ìlànà Kẹrin ní kí ọkọ àti aya jókòó pọ̀, kí wọ́n sì fèsì pọ̀. Ọkọ fèsì fún àwọn méjèèjì: ó ní ẹ̀jẹ̀ ìdílé òun kì í ṣe ọbẹ̀ tí ará ìta ń tọ́ wò. Mo bi aya léèrè. Ó ní òun fẹ́ mọ̀. Ẹni tó ti sin ọmọ kan kò fẹ́ kí èkejì bá òun lójijì.

4. Ọmọláńgidi ni ọkọ kọ́kọ́ rí mú. Eyín ìyàwó méjì bọ́ sílẹ̀. Ìyá ọkọ, tó bá wọn wá, dìde, mo rò pé ó fẹ́ gbà wá. Ilẹ̀kùn ló lọ tì, ó ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ìyàwó ká bí ìgbín, ó ń fi ẹ̀yìn gba ìpá tí ọkọ ń ta sí ikùn. Nígbà tí mo dá sí i, ọkọ di ọrùn mi mú, ó ń fi orí mi gbá ògiri, níbi tí a lẹ àwòrán tọkọtaya tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Àwòrán náà kò ya. Ẹ̀ṣọ́ tó já ilẹ̀kùn wọlé ni ọkọ gé ìka rẹ̀ jẹ. Ọlọ́pàá ní kí tọkọtaya máa lọ sílé, kí wọ́n lọ parí ìjà wọn.

5. Ọmọ inú ṣì wà láàyè. Ọ́fíìsì yín ti fún wọn ní ọjọ́ mìíràn: Ọjọ́bọ̀, iyàrá kan náà, ìlànà kan náà. Ilé ọkọ ni ìyàwó ń sùn títí di ìgbà náà. Bí a bá tún bi í lójú ọkọ, ó lè panu mọ́, ó sì lè dáhùn kó kú.

6. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n máa rí aya kọ̀ọ̀kan lóun nìkan kí ọkọ tó wọlé, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ti Ọjọ́bọ̀ yìí.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, bí ọrùn mi kò tilẹ̀ tíì ṣeé yí,
Ẹ-Fara-Balẹ̀ (bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń pè mí),
Olùdámọ̀ràn Aláboyún.

ÈSÌ LÁTI Ọ́FÍÌSÌ ALÁGA: A ti fọwọ́ sí ẹ̀bẹ̀ yìí láìyọ ọ̀rọ̀ kan. Láti òní lọ, aya tó bá fẹ́ dá rí olùdámọ̀ràn ní ẹ̀tọ́ sí i, níwọ̀n ìgbà tí ọkọ rẹ̀ bá bá a wá, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ gbà á láyè.