Òòlù Kékeré fún Abọ́ Idẹ Màámi

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Atakpamé ní Tógò níhìn-ín, pẹ̀lú eruku pákó lórí mi. Ẹ kú ìtọ́jú Màámi, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi Sàlámátù àti ọkọ rẹ̀, ẹ kí Ìyá Àgbà ní yàrá ẹ̀yìn, kí ẹ sọ fún wọn pé n kò gbàgbé ẹnì kankan. Mo ti ní kí wọ́n bá mi tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, nítorí mo mọ̀ yín: lẹ́tà mi lè wà lábẹ́ ìrọ̀rí yín fún ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn kì í sun ilé yín kí ẹ má tíì kà á tán. Ẹ má bínú. Bóyá ẹlòmíì tí ìyá rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́ á rí nǹkan mú níbẹ̀.

Ọyẹ́ ọdún yìí le. Pákó ń sán ní ṣọ́ọ̀bù, ètè àwa náà ń sán. Iṣẹ́ wà, a dúpẹ́. Bẹ́ǹṣì ilé ìwé la ń kàn fún àwọn ará Datcha, ibùsùn fún àwọn ará Glei. Owó kì í pẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ebi kò pa mí. Ọmọ Ifẹ̀, ẹ̀yà kan ní Tógò níbí, ni ọ̀gá mi. Tí wọ́n bá rọra sọ èdè wọn, mo ń gbọ́ ìdajì, torí ó jọ tiwa. Tí wọ́n bá ti wá da Faransé àti Ewé pọ̀ mọ́ ọn, ó parí fún mi nìyẹn. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín nídìí oúnjẹ, èmi náà á máa rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń rántí Màámi jù.

Ẹ rántí pé ìgbà tí wọ́n ti ibodè pa ni ibà yẹn mú etí Màámi lọ. Lẹ́tà yín ló sọ fún mi, n kò sì rọ́nà wálé títí wọ́n fi ṣí i. Nígbà tí mo wá dé fún Iléyá, Màámi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo kí wọn lẹ́ẹ̀mẹta, wọn kò yíjú. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n wo ẹnu mi títí, wọ́n wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi lọ́fun. Mo pè wọ́n. Wọ́n gbọ́ ọ lọ́wọ́, Bàámi! Wọ́n pe oríkì mi sókè, Àjàní, débi pé àwọn ará ilé kejì sáré wọlé. Sàlámátù sọ fún mi pé láti ọjọ́ tí etí wọn ti lọ, wọn kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí wọn kò gbọ́ ohùn ara wọn.

Mo ti sọ pé ọjọ́ méje ni n óò lò. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò, tí mo ní iṣẹ́ ń dúró dè mí. Irọ́ ni. N kò lè jókòó ti ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó ń dùn mí jù. Mo kọ́kọ́ sọ tèmi nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nísàlẹ̀.

Ìyá òyìnbó arúgbó kan wà lójú ọ̀nà Kamina, tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìránṣọ. Màdáámù la ń pè é. Ọkọ rẹ̀, tó ti kú, ṣiṣẹ́ rí ní Nẹpáàlì, ìlú òkè gíga kan tó jìnnà réré, ibẹ̀ ló ti ra abọ́ idẹ méjì fún un, ńlá kan, kékeré kan. Tí wọ́n bá fi òòlù igi yí etí abọ́ náà po, á máa kọrin. Àràárọ̀ ni Màdáámù máa ń ṣe é kó tó mu kọfí. Àfi bí ikán ṣe jẹ òòlù náà. Ó gbé àjẹkù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ó rí bí ọmọ odó kékeré. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi ṣeré kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Bàámi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́ káfíńtà, ẹ sì kọ́ mi pé iṣẹ́ tí kò bá dán kò tíì kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Mo mú tíìkì tó dáa, mo fá a, mo fi sanpépà ṣe é kúnná, mo wá fi pọ́líìṣì kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta títí mo fi ń rí imú ara mi nínú rẹ̀. Inú mi dùn ṣìnkìn. Màdáámù gbé abọ́ lé àtẹ́lẹwọ́, ó fi òòlù tì í létí, ó yí i. Òòlù ń yọ̀ kúrò létí abọ́ ni. Kò dún rárá. Ó tún gbìyànjú. Ó wá gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, omi sì lé ròrò sí i lójú. Ojú tì mí débi pé n kò lè mú owó tó nà sí mi.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó ṣàlàyé. Ó ní òòlù gbọ́dọ̀ di etí abọ́ mú díẹ̀ kó tó lè jí i. Dídán ló bà á jẹ́. Ó ní abọ́ ńlá ń fẹ́ òòlù tó wúwo, kékeré ń fẹ́ èyí tó fúyẹ́. Mo fi igi apá gbẹ́ ọ̀kan tó ki fún ńlá, n kò fi pọ́líìṣì kàn án, ó kọrin débi pé mo gbọ́ ọ nínú eyín mi. Nígbà tí a fi í yí kékeré, ó kàn ń pariwo bí àwo tó ń gbọ̀n lórí tábìlì ni. Mo bá padà sídìí tíìkì mi, mo ha gbogbo pọ́líìṣì náà kúrò, mo fá a títí ó fi tó àtàǹpàkò, mo wá fi awọ ewúrẹ́ wé orí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ tí kò dán ló kọjú síta. Ohùn tó jáde rọ̀, ó sì jinlẹ̀.

Màdáámù ní kí èmi náà dán an wò. Mo tì í kíákíá bí ẹni ń fá pákó, ó ń pariwo. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó dẹ ìrìn rẹ̀. Ṣàdédé ni abọ́ jí, ìgbọ̀nrìrì kan gba àtẹ́lẹwọ́ mi dé ìgúnpá. Ọwọ́ Màámi lọ́fun mi ni mo rántí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún níwájú ìyá òyìnbó náà, mo fi ìwọ̀nba Faransé tí mo gbọ́ ròyìn Màámi fún un. Nígbà tí mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, ó ti fi aṣọ wé abọ́ kékeré náà, ó ní ìyá mi ló ni ín.

Ìyá Ràṣídì aláṣọ ló ń gbé e bọ̀, òun àti òòlù. Mo ti fi òwú dí etí méjèèjì wò ó, mo ṣì ń gbọ́ ọ lọ́wọ́. Kì í ṣe oògùn, kò ní dá etí padà. Ẹ má fi pọ́líìṣì kàn án o, mo mọ̀ pé ọwọ́ yín á máa yún yín! Ẹ jẹ́ kí Màámi tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ pẹrẹsẹ, kí ìka wọn má di ara abọ́. Ẹ fi orí aláwọ kàn án lẹ́ẹ̀kan, fẹ́rẹ́. Ẹ wá gbé òòlù dúró gbọnrangandan tì í létí lóde, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ máa yí i po pẹ̀lú gbogbo apá. Tó bá ń pariwo, ẹ̀ ń kánjú ni.

Sàlámátù sọ fún mi pé ẹ kì í jókòó ti Màámi mọ́, pé ẹlòmíì lẹ ń rán kó lọ juwọ́ sí wọn. N kò bá yín wí. Ta ni èmi tó sá lọ́jọ́ kẹrin? Mo mọ̀ pé ó ń dun ẹ̀yin náà ni. Ṣùgbọ́n òòlù yìí kò ṣeé rán ẹnikẹ́ni yí. Ó ń fẹ́ ọwọ́ tó mọ igi, ó sì ń fẹ́ kí ẹ sún mọ́ wọn tí orúnkún yín á fi kan tiwọn. Tí abọ́ bá dákẹ́, ẹ gbé ọwọ́ wọn lé ọ̀fun yín, kí ẹ wá pe oríkì wọn, Àbẹ̀kẹ́, bí ẹ ṣe máa ń pè é láti ojú ọ̀nà kí ẹ tó dé ilé.

Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí fún ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù. Mò ń bọ̀ nígbà ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, ọjọ́ méje gbáko ni n óò lò, ọ̀dọ̀ Màámi ni n óò jókòó sí.

Èmi ni ọmọ yín,
Àjàní