Mo Pe Lékeléke ní Ẹja

Ẹ kú ilé o, Màámi, ẹ̀yin tí ẹ ti ń tú ewé orí obì wò kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Ṣàgámù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àǹtí Sìkírá, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Ara mi le, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Màámi, ẹ ń sọ fún mi pé lékeléke ti padà sí pápá ẹ̀yìnkùlé wa, mo bá gé fóònù. Mo gbọ́ pé Àǹtí ń sọ pé àjò ti sọ mí di ẹni ńlá. Rárá o. Kì í sì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Orúkọ ẹyẹ yẹn ni n ò lè gbọ́.

Ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ apẹja ni mo ń bá ṣiṣẹ́ láti Képútáùn, ní Gúúsù Áfíríkà níbí. Òtútù ibí kì í ṣe ti ọyẹ́, inú egungun ló ń wọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi ẹja kéékèèké sẹ́nu ìwọ̀. Okùn kan ṣoṣo ni, ó gùn ju láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́ lọ, ìwọ̀ rẹpẹtẹ ló wà lára rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, ẹyẹ òkun funfun kan fò kọjá lórí wa. Bí mo bá na ọwọ́ méjèèjì, apá rẹ̀ gùn jù ú lọ. Inú mi dùn, mo gbàgbé ara mi. Mo kígbe lékeléke, mo ń gbọn ìka mi sí i bí a ti ń ṣe ní kékeré, kó lè fi funfun sí èékánná mi. Àwọn ará ọkọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà, lékeléke ni wọ́n ń pe gbogbo irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀.

Bí a bá ń ju okùn sómi, ẹyẹ á rí ẹja lẹ́nu ìwọ̀, á gbé e mì. Ìwọ̀ á há a lọ́fun, okùn á wọ́ ọ rì. Bí a bá wá ń fa okùn sókè, òkú rẹ̀ á máa bọ̀ láàárín ẹja, àwọn ará ọkọ̀ á sì pariwo sí mi pé lékeléke ti dé. Èmi ni mo fi ẹja yẹn sẹ́nu ìwọ̀.

Òfin ní kí á ta okùn tó ní ìrépé ọ̀rá sẹ́yìn ọkọ̀, kó máa fì, kó máa lé àwọn ẹyẹ, bíi téèpù kásẹ́ẹ̀tì tí Bàbá ń ta yí oko àgbàdo ká ní Ìlárá. Ọ̀gá ọkọ̀ ní ó ń lọ́ mọ́ ìwọ̀. Ó ká a sínú àpótí.

Ẹnìkan tó ti pẹ́ lórí òkun sọ fún mi pé ẹyin kan ṣoṣo ni ẹyẹ yẹn ń yé, pé bí ìyá bá wá oúnjẹ lọ, ọmọ á jókòó sójú kan, á máa retí. Hàà! Mo rántí ìgbà tí ẹ máa ń lọ ra obì lóko, tí èmi àti Àǹtí á jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin máa ń dé ṣáá.

Èyí tó burú jù nìyí. Nígbà tí a gúnlẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá yẹ ọkọ̀ wò bóyá a pa ẹyẹ. Ó gbọ́ tí àwọn ará ọkọ̀ ń sọ pé lékeléke pọ̀ ní ìrìn yìí, ó bi mí pé kí ni lékeléke. Ọ̀gá wa dúró tì mí, ó ń wò mí. Mo ní ẹja ni, pé ẹja kan ni nílùú wa. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, Màámi! Ẹ̀yin tí ẹ kì í fi obì tó ti jẹrà pamọ́ sábẹ́ èyí tó dáa, ẹ̀yin lẹ bí mi.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ń ṣe àlùwàlá, èékánná mi ni mò ń wò. Funfun ti yọ lára mẹ́ta. Ohun tí mo tọrọ ti dé, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òṣìṣẹ́ yẹn ń padà bọ̀. Mo máa sọ fún un pé ẹyẹ ni. Bí wọ́n bá lé mi, tí ẹ rí èmi àti báàgì mi lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má bínú. Mo ní kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí síta kí n má baà rí ọ̀nà yí ohùn padà.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti àwọn ẹgbẹ́ yín nídìí obì. Ọlọ́hun á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ò ní retí mi tì. Bí lékeléke bá tún bà sẹ́yìnkùlé, ẹ má tọrọ nǹkan kan fún mi. Ẹ ṣáà bá mi bẹ̀ wọ́n.

Ọmọ yín,
Músíbàù