Ìkòkò Sarma Wà Lórí Sítóòfù
Radoje,

Ìyá rẹ tún gbé ìkòkò sarma, ẹran lílọ̀ tí wọ́n fi ewé kábéèjì dì, dé láàárọ̀ yìí. Mo ní, “Màmá, dókítà ti gé lára àpòlúkù mi kí sísanra yìí lè dínkù. Omi ọbẹ̀ nìkan ni mò ń mu.” Wọ́n ní, “Ṣé egungun lo fẹ́ kí ọmọ mi máa gbá mọ́ra ni? Jẹun, jàre!” Wọ́n jókòó tì mí títí mo fi gbé ewé kábéèjì kan mì tẹrantẹran. Bí mo ṣe bì í tán, wọ́n tún bu òmíràn: “Ṣó o rí i, àyè ti wà!”

Ìwọ náà ò lè dá wọn dúró. Jẹ ìyókù, ká lè sọ pé èmi ni mo jẹ ẹ́.

Ìsinmi tí dókítà fún mi ò tíì tán, àmọ́ mo ti lọ síbi iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn mi tó ìyá rẹ níbẹ̀.

Ljubinka