Sí Ọkọ Mi, Tí Ilé Etí Omi Gbà Lọ́wọ́ Mi

Ọdún mẹ́fà ti pé lónìí, ọkọ mi, tí o dágbére fún wa. Àwọn ọmọ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìrántí tó dùn sétí, mo sì ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ mọ̀ mí. Bí inú bá ń bí mi, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rín bò ó. Inú ṣì ń bí mi. Mo ṣì ń jowú ilé yẹn!

Bẹ́ẹ̀ ni, ilé ni mo wí. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń bá obìnrin bíi wọn du ọkọ. Orogún tèmi, páànù ló fi ń ṣe gèlè.

O mọ ìtàn rẹ̀ jù mí lọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún un sọ, kí àwọn ọmọ-ọmọ wa lè mọ ohun tí ojú mi rí. Oníṣòwò gẹdú kan ló kọ́ ilé náà nígbà tí kò tíì sí títì lágbègbè yẹn. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé gbogbo àlejò rẹ̀ wá, ló bá kọ iwájú ilé sí omi: ilẹ̀kùn ńlá, àtẹ̀gùn olókùúta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ. Nígbà tí títì dé, ẹ̀yìn ilé ló gbà. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn wá tàbí tó wọ mọ́tò wá, inú ilé ìdáná ló ń gbà wọlé. Oníṣòwò gẹdú kú, àwọn ọmọ rẹ̀ jà títí wọ́n fi tà á fún dókítà eyín kan. Dókítà eyín gbin igi ọsàn yí ọgbà ká, ibẹ̀ sú u, ó tà á fún opó kan tó ń rán fìlà. Onífìlà ni gbogbo ayé ń pè é. Ọwọ́ Onífìlà ni ìwọ ti rà á.

Onífìlà! Ṣebí ọkọ̀ rẹ̀ tó ń jò ni wọ́n ní kí o lọ tún ṣe, ìwọ káfíńtà ọkọ̀ ojú omi. O padà dé tòun tòórùn ọ̀dà lára, o ní o rí ilé kan. Oṣù kan gbáko, ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn ni! Mo di irun tuntun, o ò rí i. Onífìlà kọ̀ láti tà á fún àwọn olówó, ó ní ìwọ nìkan lo máa ń fọwọ́ pa ògiri rẹ̀ lára kí o tó wọlé. Nígbà tí mo gbọ́, mo bi ara mi pé, ọjọ́ wo lo fọwọ́ pa èjìká tèmi lára kẹ́yìn?

Gbogbo ìgbà tí a fi gbé ibẹ̀, inú ilé ìdáná ni mo ń gbà wọ ilé ọkọ mi. Èmi ìyàwó ilé, láàárín ìkòkò àti ìgbálẹ̀! Mo bẹ̀ ọ́ títí kí o jẹ́ kí bíríkìlà lu ilẹ̀kùn kan sí ẹ̀gbẹ́ títì. O ní iwájú ilé wà níbi tó wà, bí mo bá fẹ́ gba iwájú wọlé, kí n wọ ọkọ̀. O sì mọ̀ pé ẹ̀rù omi ń bà mí, o mọ̀ dáadáa.

Nígbà tí àìsàn wá dé, mo rò pé ìjà èmi àti ilé náà ti tán. A ti gba ilẹ̀ tiwa sí itẹ́ òkú ìlú, tìrẹ àti tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìwọ ní abẹ́ igi ọsàn ni kí a sin ọ́ sí, láàárín ilé àti omi. Ilé yẹn gbà ọ́ láàyè, ó tún gbà ọ́ lókùú. Mo sunkún ọ, ọkọ mi, mo sì sunkún ara mi.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Àkọ́bí wa obìnrin ló ń darí ìsọ̀ rẹ báyìí. Iṣẹ́ kò dúró lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọṣẹ́ sì ń bẹ̀rù ohùn rẹ̀ ju tìrẹ lọ! Àbíkẹ́yìn ti gbéyàwó, ó ti bímọ, etí rẹ gbàgàdà yẹn gan-an ló wà lórí ọmọ náà. Yàrá òkè tí o fi sílẹ̀ láìní àjà, a ti parí rẹ̀. Èmi ni mo yan ọ̀dà rẹ̀. O kì bá tí fẹ́ràn rẹ̀, ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn.

Lọ́dún yìí ni ọkùnrin kan tó ní òtẹ́ẹ̀lì dé, tòun tìyàwó rẹ̀. Wọ́n fẹ́ ra gbogbo rẹ̀, ilé, ọgbà àti etí omi. Àwọn ọmọ ní ọwọ́ mi ló wà. Wọ́n ní bí mo bá tà á, a ó gbé ọ lọ sí ìlú, sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí èmi náà yóò sùn. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo ní lónìí ni mo lé orogún mi lọ!

Ìyàwó olótẹ́ẹ̀lì bọ́ bàtà rẹ̀. Ó rìn lọ síbi fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na apá, ó ń wọn aṣọ tí yóò ta síbẹ̀. Ó ní ibí ni òun yóò máa gbé àga òun sí láràárọ̀, níbi tí àga rẹ wà, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ilé náà bí ìyàwó tuntun. Ọkọ mi, ojú mi ṣókùnkùn! Nítorí ta ni mo ṣe ń jowú báyìí? Kí n tó mọ̀, mo ti ní kí wọ́n máa lọ, mi ò tà mọ́. Àkọ́bí wa rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Orogún mi ni, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò ní fà á lé obìnrin mìíràn lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo ránṣẹ́ pe bíríkìlà, mo mú un lọ sábẹ́ igi ọsàn kó wá sàmì sí ibi tí wọn yóò sin èmi náà sí. Ó bi mí bóyá ọ̀tún Bàbá ni tàbí òsì. Mo ní kò sí nínú méjèèjì. Àárín ibojì rẹ àti ilé ni mo ní kó sàmì sí.

Àárò rẹ ń sọ wá, ọkọ mi. A fẹ́ràn rẹ, a ò sì ní dẹ́kun. Máa sinmi. Lọ́jọ́ tí mo bá dé, bí ilé yẹn bá fẹ́ wò ọ́, èmi ni yóò kọ́kọ́ rí.

Èmi ni, lórúkọ gbogbo ẹbí,
ìyàwó rẹ kan ṣoṣo.