Jẹ́sì Tó Ní Orúkọ Wa Lẹ́yìn

Mojọláolúwa ọmọ mi,

Èmi, dádì ẹ àti Tamílọ́rẹ àbúrò ẹ ń kí ẹ ní Amẹ́ríkà níbẹ̀ o. Orúnkún dádì ẹ ti ń gbọ́ oògùn. Tìẹ ńkọ́?

Sunday tó kọjá, ọmọ Sister Felicia wọ irú jẹ́sì ẹ tí wọ́n ń tà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Plumstead ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, orúkọ ìdílé wa gàdàgbà lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n ní ṣé ẹbí mi ni ẹ́. Mo ní rárá.

Dókítà ni mo ti pè ẹ́ fún wọn tẹ́lẹ̀, torí ojú ń tì mí pé bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, gbígbé ẹni tó bá mú bọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀, lo fi ń jẹun. Báyìí, ojú ara mi ló ń tì mí.

Ọlọ́run á pa eegun ẹ mọ́. Jọ̀ọ́, fi jẹ́sì kan tó bá mi mu ránṣẹ́. Tí àsìkò ẹ̀rí bá tó, màá wọ̀ ọ́ jáde, màá kẹ́yìn sí wọn, kí wọ́n kà á.

Mọ́mì ẹ