Àbẹ́là Aláwọ̀ Ewé ní Sàréè Leszek

Łódź,
Ọjọ́ kẹta, oṣù kọkànlá, ọdún 2023.

Jagoda mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Ǹ bá ní kú ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìndínlógójì kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ìlú Ełk kò tíì máa wọ inú eegun rẹ? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera. Ní tèmi, mo wà láàyè. Dókítà ní ọkàn mi kò lù déédéé mọ́. Mo sọ fún un pé ẹ wo ayé, èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlélógún lu ìlù fáwọn èèyàn jó, ọkàn tèmi ló wá pàdánù ìlù. Kò rẹ́rìn-ín. Àwọn dókítà ìsinsìnyí kì í rẹ́rìn-ín.

Bronisława, àbúrò Leszek, ló fún mi ní àdírẹ́sì rẹ lánàá. Ó ní o ti padà sí ilé ìyá rẹ, o sì ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Inú mi dùn, mo sì jowú àwọn ọmọ náà.

Bóyá o ti gbọ́ pé Roch kú sí Chicago lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Tytus ti lọ tipẹ́. Leszek, o mọ̀ nípa rẹ̀. Nínú àwa márààrún, ẹgbẹ́ olórin tí à ń jẹ́ Siedem Cytryn, èmi àti ìwọ nìkan ló kù. Ṣé o rántí ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n Roch, atukọ̀ òkun, ti Kúbà dé pẹ̀lú rẹ́kọ́ọ̀dù mẹ́ta àti ọsàn wẹ́wẹ́ méje? A gbọ́ àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù náà títí abẹ́rẹ́ fi kú, a sì fi ọsàn náà mu tíì títí ilẹ̀ fi ṣú. Tytus wò wá, ó ní: “Ẹ wo ara yín, ẹ fajú ro, ẹsẹ̀ yín sì ń jó! Ọsàn wẹ́wẹ́ méje là á máa jẹ́ o, ẹni tí kò bá fẹ́, kó da tíì tiẹ̀ padà.” Bí àwa èèyàn márùn-ún ṣe gba orúkọ méje nìyẹn.

Nígbà yẹn, kò síbi tí mo ti lè rí ìlù kọ́ńgà rà ní gbogbo ìlú wa, mo bá fi àgbá tí wọ́n fi ń rẹ kábéèjì kan tèmi. Bí gbọ̀ngàn bá ti gbóná, òórùn kábéèjì kíkan á gba gbogbo orí ìtàgé. Ìwọ ló máa ń sọ sínú makirofóònù pé: “Ẹ má bínú o, Wicek ló ń se oúnjẹ alẹ́ níbẹ̀ yẹn.” Gbọ̀ngàn á wó pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo sọ ọ́ fún obìnrin tó ń gbé lódìkejì yàrá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wò mí títí, ó ní ṣé mo ti lo oògùn mi. Ohun tí ìdánìkanwà fojú mi rí nìyẹn, Jagoda: mo ní àwàdà, mi ò ní ẹni tí yóò bá mi rín in.

Lẹ́yìn tí o lọ, a gbìyànjú. A ṣeré nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Sweden, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń bì dípò kí wọ́n jó. Lẹ́yìn náà ó di ilé ìgbéyàwó. Níkẹyìn, ẹnikẹ́ni kò pè wá mọ́, Leszek sì pa ìdérí dùùrù rẹ̀ dé.

Ní oṣù kẹsàn-án, Dominika, ọ̀dọ́bìnrin tó ń darí gbọ̀ngàn àṣà ìlú Zgierz, wá bá mi nílé. Ó ní: “Bàbá Wicek, orin yín ni bàbá mi fi fẹ́ màmá mi. Ẹ wá ṣeré fún wa ní oṣù kìíní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orin á gbè yín lẹ́sẹ̀. Mádàámù Jagoda ń kọ́? Ṣé ẹ ṣì ń bá ara yín sọ̀rọ̀?” Mo dáhùn pé: “Lọ́dọọdún.” Mo ní kó kọ orúkọ rẹ sí pósítà, pé màá fúnra mi bá ọ sọ ọ́. Lójú ara mi, mi ò purọ́.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lọ́jọ́ tí a sin Leszek, o dúró lódìkejì sàréè, o kò wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, lọ́jọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, nígbà tí gbogbo ìlú ń tan àbẹ́là sí sàréè àwọn èèyàn wọn, mo dé ibẹ̀ lọ́sàn-án, mo bá àbẹ́là onígò kan tó ń jó, aláwọ̀ ewé. Ta ló lè gbé e síbẹ̀? Leszek kò níyàwó, kò bímọ, Bronisława sì wà ní Szczecin, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́. Mo rántí aṣọ aláwọ̀ ewé tí o máa ń wọ̀ sórí ìtàgé. Mo ní, Jagoda ni, kò lè jẹ́ ẹlòmíràn. Lọ́dún kejì ó tún wà níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá gbáko! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra tèmi ní pupa, mo sì ń gbé e ti tìrẹ kí ìgò méjèèjì fara kanra. Mo ń bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí ojú mi bá rí láti ọdún dé ọdún, ibẹ̀ ni mo ti ń sọ ọ́. Mo gbà pé o ti dárí jì mí, pé ìtìjú ló ń jẹ́ kí o máa jí wá láàárọ̀ kí n tó dé.

Nítorí náà, lọ́jọ́rú tó kọjá, ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ tọdún yìí, mo ní èmi náà á jí. Mo wọ ọkọ̀ ìgboro àkọ́kọ́, mo gbé tíì sínú fúláàsì, mo mú ife méjì. Mo dúró ti sàréè Leszek láti ìgbà tí wọ́n ṣí géètì. Àwọn èèyàn ń kọjá pẹ̀lú òdòdó àti ìgbálẹ̀, bàbá, ìyá, ọmọ, agbo ilé lódindi. Aago mẹ́wàá lù, aago méjìlá lù. Tíì di omi tútù. Kò sí àbẹ́là ewé, kò sí ìwọ.

Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé o ti kú. Mo lọ bá ìyá tó ń ta àbẹ́là lẹ́nu géètì, mo ní: “Màmá, obìnrin gíga kan, tó máa ń ra àbẹ́là ewé lọ́wọ́ yín ní kùtùkùtù, ṣé kò wá lọ́dún yìí?” Ó ní: “Bàbá, ìdajì ìlú yìí ló ń ra aláwọ̀ ewé! Sàréè ta lẹ ń sọ?” Mo júwe rẹ̀. Ló bá pàtẹ́wọ́: “Háà! Ọkùnrin tó ń tẹ dùùrù yẹn? Ìyá Szulc ló ń tan ìyẹn. Ọkọ rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Méjì ló máa ń rà lọ́dọọdún, á ní, ‘Ọ̀kan fún olówó orí mi, ọ̀kan fún aládùúgbò rẹ̀, kò rẹ́ni wá kí i láàárọ̀, ojú ń tì mí fún un.’ Ìyá yẹn kú lẹ́yìn Àjíǹde. Ẹ̀yin lẹ̀ ń tan pupa? Ó máa ń béèrè ẹni tí ẹ jẹ́.”

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Jagoda, ìyá tí mi ò mọ̀ rí ni mo fi ọdún mọ́kànlá bá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe àìwá rẹ ló dùn mí, kò sí ẹni tó fi dandan lé e fún ọ. Ohun tó dùn mí ni pé mo fi ara mi ṣe adájọ́, mo dá ara mi láre, mo sì lọ sílé lọ sùn. Nígbà tí mo dìde, mo ra àbẹ́là kan fún Ìyá Szulc, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó yá, jẹ́ kí n sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ láti ọdún 1984. Ìyá rẹ kú ní Mọ́ńdè. Ilé tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ ní Warsaw fún wa ní Wẹ́sìdeè àti Tọ́sìdeè. Bí a bá pàdánù rẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Leszek ní: “Wicek, jẹ́ ká dúró dè é. Orin rẹ̀ ni.” Mo dáhùn pé: “Orin ẹgbẹ́ ni.” Mo ké sí ọmọbìnrin kan láti Poznań, ó wá kọ “Òjò Oṣù Kejì”, orin tí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìwọ ń da yẹ̀ẹ̀pẹ̀ sórí pósí ìyá rẹ, ẹlòmíràn ń kọ orin rẹ. Fọ́tò rẹ ni wọ́n sì tẹ̀ sí ara rẹ́kọ́ọ̀dù.

Orin yẹn ló sọ wá di ẹni tí gbogbo rédíò ń kígbe. Fún ọdún mẹ́ta ni o fi ń dúró níwájú èrò, tí o ń sín ohùn ẹlòmíràn jẹ nínú orin ara rẹ. Ní Koszalin, obìnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn: “Kì í ṣe bó ṣe wà nínú rédíò nìyẹn! Kọ ọ́ dáadáa!” O parí orin náà, o tẹrí ba, o gbé àpótí rẹ, o kọrí sí ibùdókọ̀ ojú irin. Mo rí ọ láti ojú fèrèsé. Mo lè sáré bá ọ. Ìlù ni mo ń dì. Látìgbà náà ni mo ti ń sọ fáwọn èèyàn pé ohùn rẹ ló rẹ̀. Irọ́ ni. Èmi ni mo gbà á lẹ́nu rẹ. Mo ṣẹ̀ ọ́, Jagoda. Dárí jì mí.

Lánàá, mo ní kí Dominika yọ orúkọ rẹ. Ó ní: “Bàbá, ṣebí ẹ ní ẹ̀ ń bá wọn sọ̀rọ̀!” Mo ní: “Sàréè ni mo bá sọ̀rọ̀.” Àánú mi ṣe é, kò bínú. Wọ́n á lẹ ìwé bo orúkọ náà. Nítorí náà, má bẹ̀rù, ẹnikẹ́ni kò ní dè ọ́ mọ́lẹ̀. Bí o bá fẹ́ wá, wá kọ ọ́ bó ṣe wà lẹ́nu rẹ. Bí o kò bá wá, ẹnikẹ́ni kò ní kọ “Òjò Oṣù Kejì” lójú mi. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ. Kí ààrò rẹ má kú nígbà òtútù, kí àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ má gbàgbé rẹ, kí ohùn rẹ sì jẹ́ tìrẹ títí dọ́jọ́ alẹ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ àtijọ́ tó ṣẹ̀ ọ́,
Wincenty, Wicek yín àtijọ́.

Àfikún: Nọ́ńbà fóònù mi wà lẹ́yìn àpòòwé. Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mi kì í jáde. Jọ̀wọ́, má kàn fláàṣì mi, má sì fi káàdì Kérésìmesì tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú ránṣẹ́. Mi ò mọ àmì kà. Bí o bá ti dárí jì mí, sọ ọ́. Bí o kò bá tíì dárí jì mí, pè mí kí o bú mi, kí n ṣáà gbọ́ ohùn rẹ.