Bí A Ṣe Rí Súṣì Tí Bàbá Lè Jẹ

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo gbà pé ara gbogbo yín le bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wúkọ́ nínú yín, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ara tèmi le. Ọ̀rọ̀ Bàbá ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Má kun yàrá ẹ̀yìn tí ẹ fẹ́ fi Bàbá sí yẹn o. Bí o bá ti ra ọ̀dà, dá a padà. Mo mọ̀ pé èmi fúnra mi ni mo sọ lórí fóònù pé bí ìwọ̀n Bàbá kò bá gòkè kí wọ́n tó tún padà sọ́dọ̀ dókítà, ọ̀dọ̀ yín ni wọn yóò máa gbé, kí ìyàwó rẹ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì lè máa mójú tó wọn. Láti ìgbà tí Màmá ti kú, ṣíbí mẹ́ta, wọ́n ti yó.

Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní ó ń wu àwọn jẹ ni súṣì, ìrẹsì tí wọ́n fi ẹja tí iná kò kàn lé lórí. Ìwọ náà mọ̀ pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ nílé yìnyín àwọn olówò ẹja. Ibẹ̀ ni àwọn atukọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti kọ́ wọn ní jíjẹ rẹ̀. Mo ní ìyẹn kò ṣòro. O mọ̀ mí, n kì í fi iṣẹ́ òní dọ̀la. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, mo ti kọ orúkọ ilé oúnjẹ mọ́kàndínlógún sílẹ̀: bí ó ṣe jìnnà sí ibùdókọ̀ tó, iye tí àwo kan jẹ́, ohun tí àwọn tó ti jẹun níbẹ̀ ń sọ. Mo yọ márùn-ún tó dára tí kò sì gbówó lórí. Ọjọ́ Ajé ni mo yàn, nítorí a máa ń tètè ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà, púpọ̀ nínú wọn sì máa ń dín owó kù lọ́sàn-án. Ta ló tún lè ṣètò jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ibi àkọ́kọ́, ilé gíga kan tí wọ́n fi dígí ṣe yíká. Bàbá jẹ ẹyọ kan, wọ́n fi omi lé e, wọ́n ní, "O ṣeun, mo ti yó." Ibi kejì, orí bẹ́líìtì ni àwo ti ń yí kọjá níwájú ẹni. Wọ́n ń wo àwo bí ẹni tó ń wo ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, wọn kò mú ọ̀kan. Ìkẹta àti ìkẹrin kò yàtọ̀. Èmi ni mo ń jẹ àjẹkù, mo wá ń sanra fún àwa méjèèjì. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ẹja, ìbànújẹ́ ló dí wọn lọ́fun. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin sọ́dọ̀ yín, mo di aṣọ wọn sínú àpótí. N kò tíì sọ fún wọn. Mo ní kí gbogbo rẹ̀ tò tán ná.

Ọjọ́ Ajé karùn-ún, ọ̀gá mi pe ìpàdé òjijì. Inú bí mi. Ọjọ́bọ̀ la tó ráyè lọ síbi tó kù, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ilé alágbàfọ̀, ìjókòó mẹ́jọ péré, àwọn mẹkáníìkì àti àwọn tíṣà ló kún ibẹ̀. Bàbá kò jókòó. Wọ́n lọ dúró níwájú obìnrin tó ń gé ẹja, wọ́n ní, "Màdáámù, ìgbà wo lẹja yìí dé?" Obìnrin náà ní, "Àárọ̀ yìí ni, Bàbá. Ẹ wo ojú ẹ̀, ó ṣì ń wò yín." Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó. Àbúrò mi, àwo méjì ni wọ́n jẹ, wọ́n tún nawọ́ sí tèmi.

Mo ní kí ló wá dé tí wọn kò jẹ ti àwọn ibi tó kù. Wọ́n nu ẹnu, wọ́n fi orúkọ ìnagijẹ mi pè mí, wọ́n ní, "Máníjà, àwọn apẹja ìlú yìí kì í lọ sókun lọ́jọ́ Àìkú. Ẹja tó ti sùn lò ń gbé síwájú mi ní gbogbo ọjọ́ Ajé. O rò pé torí ìfẹ́ ni wọ́n ṣe ń dín owó ẹ̀ kù?" Mo ní kí ló dé tí wọn kò sọ. Wọ́n ní, "Ṣé o bi mí ni? O ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kó o tó pè mí. Mo ní kí n má ba ìwé ẹ jẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ìwé ẹ̀rí méjì lórí òwò ṣíṣe ló wà lára ògiri mi; bàbá tó mọ ẹja jókòó sábẹ́ wọn, n kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Mo yọ tíkẹ́ẹ̀tì nínú báàgì, mo gbé e síwájú wọn, mo ṣàlàyé ohun tí èmi àti ìwọ ti fẹnu kò sí lẹ́yìn wọn. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ lọ?" Wọ́n ní, "Mo fẹ́ lọ kí ọmọ mi. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ dì mí bí ẹrù ránṣẹ́ sí i."

Àwọn ló ń yan ibi tí à ń lọ báyìí, wọ́n sì ti rí méjì mìíràn. Bí o bá ń wá súṣì tó dára tí kò wọ́n ní ìlú ńlá tìẹ náà, bèèrè ọjọ́ tí ẹja ń dé kí o tó bèèrè iye. Bí òórùn ẹja bá pàdé rẹ lẹ́nu ọ̀nà, yíjú padà. Ibi tí wọ́n bá ti kọ irú ẹja ogójì sára ògiri, wọn kò lè máa tà á tán lóòjọ́. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn alágbàfọ̀ yẹn, owó rẹ̀ tí wọn kò dín rárá kò tó owó ẹ̀dínwó ilé onídígí.

Dókítà wọ̀n wọ́n lánàá: kílò méjì ló gòkè. Mo ti lọ pààrọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì náà sí àlọ àti àbọ̀, ọjọ́ mẹ́wàá. Bàbá ló mú ọjọ́.

Oúnjẹ kò ní korò lẹ́nu yín. Àwo kan kò ní dín lórí tábìlì yín. Nígbà tí ẹ̀yin náà bá dàgbà, àwọn ọmọ yín yóò máa bi yín léèrè.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin,
Máníjà.

Àfikún: Ìyàwó rẹ pè bí mo ṣe ń lẹ ìwé yìí. Ó ní ṣé kí òun wá àga onítáyà tí wọ́n fi ń ti aláìsàn, kí òun fi pàdé Bàbá ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Mo gbé fóònù fún Bàbá.